Aṣọ Ìkókó Mẹ́tàlélógún

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ṣé ẹ ti bẹ̀rù ohun tí kò lẹ́nu tí kò sì lẹ́sẹ̀ rí? Mi ò sọ ejò o, mi ò sì sọ olè tó mú àdá lọ́wọ́. Nǹkan pẹlẹbẹ kan ni, tí wọ́n gbé lé orí tábìlì, tó dákẹ́ jẹ́ẹ́, tí ẹ̀yin sì mọ̀ nínú yín pé ó mọ ohun tí ẹ ṣe! Ẹ̀rù yẹn ni mo ń bá jí, òun ni mo ń bá sùn, láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Nísinsìnyí, bí fóònù bá ti dún, n ó ní ó ti tán, wọ́n fẹ́ sọ fún mi pé nǹkan ti ṣe Mojí, ìyàwó ọmọ mi. Oyún oṣù méje ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, dókítà ní kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ kankan, kó máa dùbúlẹ̀. Ilé àwọn òbí rẹ̀ ló sì dùbúlẹ̀ sí, kì í ṣe ilé ọkọ rẹ̀. Èmi tó yẹ kí n máa po ẹ̀kọ gbígbóná fún un láràárọ̀, tó yẹ kí n máa fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, ẹnu ọ̀nà ni mo ń dúró sí bí ẹni tó wá tọrọ nǹkan. Ọmọ tí a ti ń retí fún ọdún mẹ́jọ! Bí ohunkóhun bá ṣe oyún yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ojú wo ni n ó fi wo ọmọ mi? Ojú wo ni n ó fi wo Ọlọ́run?

Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, mo sì ti di ìyá àgbà. Ọmọ-ọmọ mẹ́ta ni mo ní, ti ọmọbìnrin mi tó wà ní Ìbàdàn. Mi ò kàwé púpọ̀; kíláàsì kẹta ni mo wà tí bàbá mi kú, tí wọ́n ní kí n wá máa tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ sọ́jà. Mo lè kọ orúkọ mi, mo lè ka Bíbélì bí lẹ́tà rẹ̀ bá tóbi, ó tán. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ti ìwé wò mí o. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń ta aṣọ ọmọdé ní Láfẹ́nwá. Bí ìyá kan bá fi ọwọ́ wọn gíga ọmọ rẹ̀ mọ́ itan ara rẹ̀ báyìí, mo ti mọ aṣọ tí n ó mú fún un, kò sì ní padà wá pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi kú, ṣọ́ọ̀bù yẹn ló rán Dàpọ̀, ọmọkùnrin mi, lọ sí yunifásítì. Ọ́fíìsì kan ní Èkó ni Dàpọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Àárọ̀ kùtù ló ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ, ìrọ̀lẹ́ ló ń dé sí ilé wa ní Adìgbẹ. Mojí ìyàwó rẹ̀ fi iṣẹ́ tísà tó ń ṣe sílẹ̀, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. A mọwọ́ ara wa. Bí mo bá na ọwọ́ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn, aṣọ tí mo fẹ́ gan-an ló máa fi lé mi lọ́wọ́. Àwọn oníbàárà a máa rò pé èmi ni mo bí i, n kì í sì í jiyàn.

Ohun kan wà tí a máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù wa tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé yín. Aboyún a máa wá ra aṣọ ìkókó, ṣùgbọ́n kì í gbé e lọ sílé. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ta ni yóò kó aṣọ ọmọ jọ sínú yàrá nígbà tí ọmọ kò tíì dé? Ojú ayé ńkọ́? Ẹnu ayé ńkọ́? Nítorí náà, a ó jọ ṣà á, fìlà, ìbọ̀sẹ̀, ìbọ̀wọ́, ṣọ́ọ̀lù, aṣọ àwọ̀sùn mẹ́ta mẹ́rin. Èmi a dì í sínú ọ̀rá, n ó fi òwú kan so ó lẹ́nu, n ó gbé e sórí pẹpẹ òkè lẹ́yìn aṣọ ìkélé. N kò ní kọ orúkọ sí i. Òwú pupa ni ti ẹni yìí, òwú dúdú ni ti ẹni yẹn, orí mi ni ìwé rẹ̀ wà. Ọjọ́ tí obìnrin náà bá bímọ, ọkọ rẹ̀ á sáré dé, bàtà á fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, á ní, "Màmá, ẹ gbé ẹrù wa fún wa o!" Gbogbo ìsọ̀ tó yí wa ká á hó yèè. Ìyá Ràṣídà tó ń ta báàgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á ní, "Bàbá ìkókó, ṣé ẹ̀yin lẹ rọbí ni, tí ẹ fi ń làágùn tó báyìí?" A ó rẹ́rìn-ín, a ó bá a yọ̀, a ó gbàdúrà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹrù ni ọkọ ń sáré wá gbé. Nígbà mìíràn, ẹ̀gbọ́n obìnrin náà ni yóò wá. Yóò rọra wọlé, kò ní jókòó, ojú rẹ̀ á wà nílẹ̀. Á ní, "Màmá, ẹrù tó wà lọ́wọ́ yín yẹn, ẹ má wulẹ̀ tọ́jú rẹ̀ mọ́." N kì í béèrè nǹkan kan. N ó dá owó wọn padà, n ó ní Ọlọ́run á fi òmíràn dípò, ó tán. Aṣọ yẹn ńkọ́? Tuntun ni, ẹnikẹ́ni kò wọ̀ ọ́. Ẹlòmíràn á kó o padà sórí àtẹ, á tà á. Èmi kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó kọ́ mi lọ́jà, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ló kìlọ̀ fún mi pé aṣọ tí wọ́n ṣà fún ọmọ tí kò dúró, a kì í tà á fún aboyún mìíràn láìjẹ́ pé ó mọ̀. Aboyún wo ló sì máa mọ̀ tó máa gbà á? Nítorí náà, n ó tú òwú rẹ̀, n ó kó o sínú àpò ṣọ́ọ̀ṣì mi. Bó bá di Ọjọ́rú tí mo ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ obìnrin, n ó yà sí ibì kan tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ tí kò ní ìyá, n ó kó o fún wọn. Àwọn ọmọ yẹn ti dé ayé ná, wọ́n ń ké, wọ́n ń mu wàrà. Otútù ló ń mú wọn, kì í ṣe èèwọ̀. Ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan rí. Bí àwọn aboyún bá gbọ́ pé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ń gba ẹnu ọ̀nà mi jáde, ta ni yóò tún gbé tirẹ̀ sọ́dọ̀ mi?

Ẹni tí mo sì fi í pamọ́ fún jù ni Mojí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni èmi fúnra mi ti di ẹrù fún un sórí pẹpẹ yẹn, òwú funfun ni mo fi so ó. Ti àkọ́kọ́, oyún náà bàjẹ́ ní oṣù karùn-ún. Ti èkejì, ó bí i, ọkùnrin ni, kò lo wákàtí mẹ́fà láyé. Nígbà tó padà sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ó gbójú sókè wo pẹpẹ, kò rí ẹrù náà, kò sì béèrè. Èmi náà ò sọ. Ó mú ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ tí mo ti gbá láàárọ̀.

Ọdún tó kọjá ni Dàpọ̀ ní a gbọ́dọ̀ gbé ọjà wa sórí ẹ̀rọ. Ó ní ọjà náà ti pọ̀ jù fún orí mi. Kò parọ́: mo ti lọ ra kádígáànì ọmọ ọdún mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì, n kò rántí pé odidi àpò kan ṣì wà lábẹ́ tábìlì. Ti ọmọ ọdún mẹ́fà sì ti tán pátápátá, àwọn oníbàárà mi ń lọ rà á ní Òkè-Ìlewò. Ó mú ọ̀gbẹ́ni oníkọ̀ǹpútà kan wá, ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí tó ń pè mí ní "Mọ́mì". Wọ́n lẹ sítíkà onílà dúdú tín-ín-tín mọ́ gbogbo aṣọ, títí dórí ìbọ̀sẹ̀! Wọ́n gbé pátákó kan tó dà bí fóònù fífẹ̀ sórí tábìlì, wọ́n wá fún wa ní nǹkan bí ìbọn, irú èyí tí wọ́n ń nà sí iwájú orí èèyàn nígbà kòrónà. Bí a bá nà án sí sítíkà, á súfèé "pìn-ìn", pátákó á fi irú aṣọ tó jẹ́ hàn àti iye tó kù. Nítorí pé ìwé ò yé mi tó bẹ́ẹ̀, Dàpọ̀ fi fọ́tò mi sí i, ó fi ti Mojí náà sí i. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ọjà á tẹ ojú ara rẹ̀. Ó ní kí àwọn tó tilẹ̀kùn ọ́fíìsì ní Èkó, gbogbo ohun tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù á ti dé orí fóònù òun. Mo fi oríkì rẹ̀ pè é, mo ní, "Àkànní, ẹ̀rọ lo rà àbí olófòófó?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, olófòófó tí kì í purọ́ ni." Ìyá Ràṣídà yọjú wọlé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti di òyìnbó! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi na ìbọn yẹn sí bàbá Ràṣídà, kí n mọ iye ìyàwó tó kù sí ìta." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ẹ̀rọ náà sì ràn wá lọ́wọ́, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Kí aṣọ tó tán ló ti ń sọ pé ó fẹ́ tán. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ti ẹrù àwọn aboyún. Mojí ló bi ọ̀gbẹ́ni náà pé, "Àwọn tí a tọ́jú sókè yìí ńkọ́, báwo la ṣe máa kà wọ́n?" Ó ní ẹ̀rọ kò mọ ohun tó ń jẹ́ àtọ́jú. Bí aṣọ kò bá tíì jáde, ó wà nílé nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá gbé e ni ká na ìbọn sí i. Mojí bá jókòó, ó lẹ sítíkà mọ́ gbogbo aṣọ inú ẹrù wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ ojú ara rẹ̀, ó sì dì wọ́n padà bó ṣe bá wọn. Ẹrù tuntun tó bá sì tún dé, òun ló ń ṣe é. Èmi dúró, mò ń wò ó. Mo fẹ́ béèrè pé, èyí tí kò bá ní ẹni tó máa wá gbé e ńkọ́? Ẹnu mi kò gbà á. Ṣé iwájú Mojí ni n ó ti béèrè irú ìyẹn?

Nígbà tí òjò dé, láàárín oṣù méjì péré, ẹrù mẹ́ta ni kò ní ẹni tó gbé e. Mẹ́ta! Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mo ṣe bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo tú òwú, mo ṣí sítíkà kúrò, mo sun wọ́n mọ́ pàǹtí, mo kó aṣọ sínú àpò ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò na ìbọn sí ìkankan, nítorí bí mo bá nà án, Dàpọ̀ á rí i, á béèrè ẹni tó rà á, kí ni n ó wí? Mo ní, "Mojí, mò ń lọ sípàdé o." Ó ní, "Ẹ máa rọra o, Màmá." Ó wo àpò náà. Àpò tó yẹ kó gba Bíbélì àti ìwé orin nìkan ló wú gbẹ̀ǹdù lọ́wọ́ mi bẹ́ẹ̀ yẹn. Mo rí i tó wò ó, mo sì yára jáde.

Ó di Sátidé kan, Dàpọ̀ ní ká ka gbogbo ọjà tó wà nílẹ̀, ká fi wé ohun tí ẹ̀rọ wí. A kà á láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ṣòkòtò pé, gáùn pé, yúnífọ́ọ̀mù pé. Àfi aṣọ ìkókó. Mẹ́tàlélógún ló di àwátì, fìlà ni o, ìbọ̀sẹ̀ ni o, ṣọ́ọ̀lù ni o. Dàpọ̀ yíjú sí mi, ó béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò tilẹ̀ fura: "Màmá, àbí ẹ mú nǹkan níbẹ̀ fún ẹnì kan ni?" Ẹ wò ó, ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti ṣí fún mi. Ká ní mo sọ ọ́ nígbà náà, ì bá ti tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí. Mo rò ó pé á ní mo ń ba iṣẹ́ ẹ̀rọ òun jẹ́, pé mo ti dàgbà jù, kí n lọ máa jókòó sílé ní Adìgbẹ. Mo tún wo Mojí tó dúró síbẹ̀, mo ní ṣé etí rẹ̀ ni n ó ti máa ka ẹrù àwọn ọmọ tó kú? Kí n tó ro ìyẹn tán, ẹnu mi ti ṣáájú: "Èmi kẹ̀? Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?" Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kò ṣeé kó mọ́.

Dàpọ̀ tẹ ẹ̀rọ títí. Ojú ta ló wà lára gbogbo aṣọ yẹn? Ojú Mojí. Ta ló ń dá wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ọjọ́rú? Mojí. Ọmọ mi kò bínú. Ì bá sàn ká ní ó bínú! Ó gbé pátákó sílẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni ń wo aláìsàn, ó ní, "Mojí, ṣé nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ ni? Sọ fún mi, mi ò ní bínú. Níbo lò ń kó wọn sí?" Ẹ̀yin èèyàn, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo gbọ́? Ó rò pé ìrònú ọmọ ti yí i lórí, tó fi ń kó aṣọ ìkókó lọ fi pamọ́! Mojí gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Dàpọ̀, èmi?" Ó wá yíjú sí mi. Kì í ṣe ìwò ìbínú. Ó kàn ń retí. Èmi sì ń ká fìlà kan tí mo ti ká tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà o! Orí ọmọ wọ́ lójú mi kòrókòró, mo sì ń wo ibòmíràn.

Nígbà tí a délé, Dàpọ̀ tú àpótí aṣọ Mojí wò. Kò rí aṣọ ìkókó kankan. Káàdì ilé ìwòsàn ló rí, tí wọ́n ká sáàárín ìró. Oyún ni! Ó ti kọjá oṣù mẹ́ta. Mojí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọkọ rẹ̀, nítorí ó fẹ́ kí oṣù karùn-ún tó já a kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kìíní kọjá ná. Ohun tó yẹ kó mú wa jó, ó wá di ẹ̀rí! Dàpọ̀ ní, "Ó yé mi wàyí. Ìdí tí o fi ń kó aṣọ nìyẹn." Ó tilẹ̀ fẹ́ dì mọ́ ọn, ó fẹ́ máa bẹ̀ ẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe. Mojí bọ́ ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó di báàgì kan ṣoṣo, ó kúnlẹ̀ fún mi ní pálọ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Màmá, ẹ kú ìtọ́jú mi látọjọ́ yìí. Ọjọ́ tí ẹni tó kó aṣọ bá sọ̀rọ̀, kí wọ́n ránṣẹ́ sí mi." Ó lọ sílé àwọn òbí rẹ̀ ní Ọbáńtókò.

Bó ṣe ku èmi àti ẹ̀rọ nìyẹn. Bí mo bá na ìbọn tó bá súfèé, n ó yára wo ẹ̀yìn. Bí mo bá fẹ́ tẹ ojú ara mi, fọ́tò mi á máa rẹ́rìn-ín sí mi, èmi tí n kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo ń rò ó pé lọ́jọ́ kan, níbi tí Dàpọ̀ bá ti jókòó ní Èkó, ẹ̀rọ yìí á fi ohun gbogbo hàn án, àpò, Ọjọ́rú, sítíkà tí mo sun. Mo mú ìborùn, mo fi bò ó mọ́lẹ̀. Ìyá Ràṣídà rí i, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé otútù ń mú un ni? Ẹ kúkú pọ̀n ọ́n!" Mo rẹ́rìn-ín tipátipá. Bí aboyún bá dé, n ó ní pẹpẹ ti kún, kó lọ sí ibòmíràn. Ìgbà mélòó ni mo pe Dàpọ̀ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú pé mo fẹ́ sọ ọ́! N ó ní, "Àkànní." Á ní, "Màmá?" N ó ní, "Kò sí nǹkan. Ṣé o ti jẹun?" Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, irọ́ kékeré yẹn ń dàgbà, ó ń wúwo, bí oyún Mojí náà ṣe ń dàgbà.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn ni ìyá Mojí pè wá pé wọ́n dá a dúró sí ilé ìwòsàn fún ọjọ́ mẹ́rin. Dókítà ní kí ló ń rò, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi ga tó báyìí? Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù láàárín ọjà. Mo mọ ohun tó ń rò. Èmi ni mo gbé e fún un rò. Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sátidé tó kọjá, ẹ̀yin ìyá ọkọ tí ẹ ń kà mí, ẹ gbọ́ o: bí ọmọ yín bá bi yín léèrè ọ̀rọ̀, tí òtítọ́ rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ sọ ọ́ níbẹ̀, kó tó di pé ẹlòmíràn gbé ẹrù yín. Ẹ má ní ẹ ń dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ara yín ni ẹ ń dáàbò bò. Títí di òní, Mojí kò tíì jẹ́ kí n wọ yàrá tó ń dùbúlẹ̀ sí. Ẹ bá mi dá sí i: kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n máa lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lójoojúmọ́ ni, àbí kí n fi í sílẹ̀ kó sinmi títí yóò fi bí?

Sátidé náà, bàbá Mojí ló ránṣẹ́ pè wá. Tísà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ẹni tí kì í pariwo. Mojí wà lórí àga gígùn, wọ́n fi ìrọ̀rí gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Ẹsẹ̀ yẹn wú! Ó kí mi, "Ẹ káàbọ̀, mà," kò pè mí ní Màmá. Dàpọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Bàbá, mo ti bá ẹni tó gbé ẹ̀rọ wá sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀rọ lè ṣì í nígbà mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbà pé ẹ̀rọ ló ṣì í, kí ìyàwó mi máa bọ̀ nílé." Ìyá Mojí ti pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ ò rí nǹkan! Ẹ̀rọ ni o jàre. Kí ni irin mọ̀? Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

N kò ní parọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi. Ara mi tú pẹ̀sẹ̀. Ẹ̀rọ ni! Ẹ̀rọ kò ní ìyá tó máa sunkún fún un, kò ní oyún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í ru. Kí ló dé tí a kò fi lè gbé e rù ú kí gbogbo wa máa lọ sílé? Mo ti di ojú mi, àmín ti wà létè mi.

Mojí ní, "Ẹ má tíì gbàdúrà, mọ́mì." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Kì í ṣe ẹ̀rọ. Mo mọ ẹni tó kó aṣọ yẹn, ọjọ́ tó ti ń kó o ni mo ti mọ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ohun tí mo fi ṣẹ̀ ẹ́, tó fi jẹ́ kí wọ́n pè mí ní wèrè."

Dàpọ̀ gbórí sókè nílẹ̀. "Ta ni?"

"Ẹnu mi kọ́ lẹ ti máa gbọ́ ọ," ni Mojí wí. "Ẹni tí mo ń kúnlẹ̀ kí, mi ò lè na ìka sí i."

Bàbá rẹ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó gbé e wọ̀ padà. Ó wò wá yíká, kò yọ ẹnì kan sílẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Nínú ilé yìí, ta ló kó aṣọ?"

Dàpọ̀ ń wo ìyàwó rẹ̀. Mojí ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó gbé lé orí ikùn. Mo dìde, mo lọ kúnlẹ̀, èmi àgbàlagbà, níwájú àga gígùn yẹn, mo di etí aṣọ ọmọ ọlọ́mọ mú.

Mo ní, "Èmi ni, Mojí. Èmi ìyá ọkọ rẹ ni mo kó o."